Àpótí Ìmọ̀: Àgbìnpọ̀ lóko ẹbí

Àgbìnpọ̀ ni kí àgbẹ̀ gbin oríṣi ohun ọ̀gbìn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ kan náà lásìkò kan náà. Ó bá oko kékeré mu gan-an, irú èyí tí ẹbí ń dá ní agbègbè Ìmẹ̀kọ.

Àpẹẹrẹ: Ilẹ̀ kan gùn ní mítà 20, ó sì fẹ̀ ní mítà 20. Ìdí ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan fi mítà 1 jìnnà sí èkejì:

20 × 20 = ìdí ẹ̀gẹ́ 400

Nígbà òjò àkọ́rọ̀, a gbin àgbàdo àti ẹ̀gúsí sí àárín wọn. Ẹ̀gúsí á tàkùn bo ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí èpò ráyè, oòrùn kò sì ní tètè mú ilẹ̀ gbẹ. Àgbàdo tútù á di jíjẹ ní nǹkan bí oṣù 3; ẹ̀gẹ́ lè gbà tó oṣù 12. Ẹbí ti ń jẹ nínú oko náà kí ẹ̀gẹ́ tó ta.

Èyí ṣe pàtàkì jù: bí a bá fi ẹ̀wà sí ipò ẹ̀gúsí, bakitéríà inú kókó ara gbòǹgbò rẹ̀ á máa gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ìkórè, má fa ẹ̀wà náà tu, má sì sun ún. Gbòǹgbò àti ewé rẹ̀ á jẹrà, wọ́n á di ajílẹ̀.