Yíyan Ìwé àti Fídíò fún Kóòṣì: Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ìdíje bọ́ọ̀lù láàárín kíláàsì ti ń bọ̀. Ẹ mọ̀ pé àwa SS2 la máa ń ṣe kóòṣì fún àwọn àbúrò wa ní JSS. Èmi náà ṣe é ní sáà tó kọjá. Mo dáńlóòdù fídíò kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń fò gun orí àpótí gíga. Mo ní kí àwọn ọmọ JSS2 ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, iṣan ẹ̀yìn itan ọmọ kan fà. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí sáà fi parí.

Ọmọ yẹn kọ́ ló jẹ̀bi, fídíò yẹn náà kọ́. Èmi tí mo yàn án ni. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà rèé.

Èkínní, ta ni wọ́n ṣe é fún? Ẹ wo ọjọ́ orí kí ẹ tó wo orúkọ ẹni tó wà níwájú ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi FIFA 11+ ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn ìdánrawò tí wọ́n fi ń mú ara gbóná. Ọmọ ọdún 14 sókè ló wà fún. Òmíràn wà fún àwọn tí kò tíì pé 14. Ìdánrawò 15 ló wà nínú ẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ló ń gbà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Èkejì, ṣé wọ́n ti dán an wò? Ẹnikẹ́ni ló lè gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n wọ́n dán FIFA 11+ wò ní Nọ́wè lára àwọn ọmọbìnrin ọdún 13 sí 17 tó lé ní 1,800. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008: ìfarapa tó le gan-an dín kù tó nǹkan bí ìdajì.

Ẹ̀kẹta, ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́? Ìwé àtijọ́ á sọ fún yín pé bí aṣọ́lé bá gba góòlù kíìkì, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú àpótí 18 kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án, àbí kí n sọ pé kó tó fẹsẹ̀ kàn án! Òfin yẹn ti yí padà ní 2019. Ìwé òfin tuntun tí IFAB ń gbé jáde wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ó bá pápá wa mu? Bí ọmọ 20 bá tò sẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lo ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àbọ̀ ni ọmọ kan máa fi dúró kó tó tún kàn án. Ìdúró nìyẹn, kì í ṣe ìdánrawò. Èyí tó pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké ni kí ẹ mú.

Ẹ̀karùn-ún, ṣé ó fi àṣìṣe hàn? Fídíò tó dáa á fi hàn yín bí orúnkún ṣe ń yẹ̀ sínú nígbà tí ọmọ bá fò tó balẹ̀, á sì fi bí a ṣe ń tún un ṣe hàn. Ìwé ní tiẹ̀ ń sọ ìdí, ó sì ṣeé gbé lọ sí pápá bí kò bá sí iná tàbí dátà. Àwọn méjèèjì la nílò.

Owó tí ẹgbẹ́ eléré ìdárayá wa kó jọ, ìwé kan péré ló lè rà. Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ ká yá a wò, ká fi ojú ewé kan dán ọmọ márùn-ún wò lórí pápá. Bí wọ́n bá ṣe é tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí kò sẹ́ni tó dúró lásán, ká rà á.

Àbúrò wa yẹn ti padà sórí pápá ní sáà yìí. Kí n tó jẹ́ kó sáré, mo ní kó kọ́kọ́ tẹ orúnkún kí n wò ó.