Ráútà tó ń ké "Àgò onílé!" tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn

Ọ̀rọ̀ BGP ló kàn lónìí, ìyẹn èdè tí àwọn ráútà fi ń sọ fún ara wọn pé, "Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ lè gbà dé ibi báyìí." Òun ló so nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó fi di íntánẹ́ẹ̀tì.

Lóru ọjọ́ kan, èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. A fẹ́ so ráútà wa mọ́ ti iléeṣẹ́ mìíràn, aago mẹ́fà àárọ̀ sì ni wọ́n máa gé ìlà àtijọ́. Mo wo ojú ẹ̀rọ, mo rí "Active". Mo ní ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, mo bá lọ po tíì. Odindi wákàtí kan kọjá, a ò gba ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ohun tí mo ṣì mú nìyí: "Active" kò túmọ̀ sí pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ẹ wo BGP bí àlejò tó ń bọ̀ nílé ẹni:

- Idle: àlejò ò tíì gbéra. Ó lè jẹ́ pé kò mọ ọ̀nà.
- Connect àti Active: ó ń ké "Àgò onílé o!", kò tíì gbọ́ "Àgò yà!" Pọ́ọ̀tù 179 ti TCP ni ilẹ̀kùn tó ń kàn.
- OpenSent: ilẹ̀kùn ti ṣí, ó ti sọ ẹni tó jẹ́, ó ń retí kí onílé sọ tiẹ̀.
- OpenConfirm: wọ́n ti gbà fún ara wọn, ó ku ìdáhùn kan péré.
- Established: wọ́n ti jókòó, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ping ráútà kejì, ó dáhùn. Àmọ́ ping kàn ń sọ pé ọ̀nà wà ni, kò sọ pé ilẹ̀kùn ṣí. Mo wá telnet láti orí ráútà wa sí pọ́ọ̀tù 179: kẹ́kẹ́ pa. Tó bá jẹ́ "refused" ni mo rí, á jẹ́ pé mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n lé mi padà. Irú ìdákẹ́jẹ́ yìí, firewall ló sábà máa ń fà á. Mo pe ẹnjiníà tọ̀hún, ó yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ó ṣí i.

A kúrò ní Active, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún já. Lọ́tẹ̀ yìí, àkọsílẹ̀ ráútà sọ pé "Bad Peer AS". Nọ́ńbà AS dà bí orúkọ ìdílé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tiwa ni 65010, àwọn kọ 65001. Wọ́n tún un ṣe, ó di Established ní nǹkan bí aago márùn-ún. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ibi tí àlejò dúró sí ló ń sọ ibi tó yẹ ká wò. Tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wo ọ̀nà, firewall àti àdírẹ́sì. Tó bá ti wọlé tí wọ́n tún lé e jáde, ẹ wo ohun tó sọ nípa ara rẹ̀.

Ìbéèrè tiyín: ráútà yín wà ní Idle, ping ò sì lọ. Kí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò? Ẹ fi Yorùbá dáhùn o. Ó dàbọ̀.