Ẹ̀bùn ni tàbí Àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Ẹ̀kọ́ lórí Ìwà Àjẹbánu Nínú Iṣẹ́ Ìlú

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin jàmáà mọ́sálásí, àti ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí láti orí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa máa ń pè. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ọ̀ràn níwájú rẹ̀, a ó ní ó gba rìbá. Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ kéwú tí ó ti jìnnà díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ mọ̀ pé èlé orí owó ni àwọn Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa ń pè ní rìbá, rashwa ni wọ́n ń pè é. Yorùbá tún ní orúkọ tirẹ̀ fún un, orúkọ náà sì ti tú àṣírí ọ̀ràn náà: à-bẹ̀-tẹ́lẹ̀. Kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́ ni a ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní ọdún 2017, NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìṣirò nǹkan ìlú, àti àjọ kan lábẹ́ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Nínú àwọn àgbàlagbà Nàìjíríà tí ọ̀rọ̀ da àwọn àti òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ láàárín ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́ta tí ó san owó ẹ̀yìn tàbí tí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú irú owó bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, bí méje ni wọ́n san kí iṣẹ́ tó di ṣíṣe. Àwọn tí ó sọ ọ́ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò purọ́. Nígbà tí wọ́n tún ṣe irú ìwádìí náà ní 2023, ẹni 27 nínú 100 ni ó san án.

Oríṣi tí ó ní pọ̀. Ẹ̀gúnjẹ wà tí awakọ̀ ń fi sínú ìwé ọkọ̀ kí wọ́n tó yọ igi lójú ọ̀nà fún un. Owó wà tí kọngílá ń gbé padà fún ẹni tí ó fún un níṣẹ́, tí ọ̀dà ojú títì fi ń fẹ́lẹ́ bí ìwé. Fáìlì wà tí ó máa ń sọnù, tí yóò sì jáde bí owó bá ti wọlé. Orúkọ wà nínú ìwé owó oṣù tí kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ọmọdé pàápàá mọ̀ pé kò dára. Èyí tí ó ń da àgbà láàmú ni èyí tí ó bá wọ aṣọ ẹ̀bùn wá.

Àwa Yorùbá kì í lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà lọ́wọ́ òfìfo, kò sì sí aburú nínú rẹ̀. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàápàá a máa gba ẹ̀bùn, a sì máa san án padà. Bí ẹnì kan bá wá mú àgbò lọ sí ilé alága kánsù nígbà Iléyá, ta ni ó tó sọ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni?

Hádíìsì kan dáhùn ìbéèrè yìí, èyí tí Bùhárì àti Múslímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Humayd as-Sa'idi. Ànábì rán ọkùnrin kan láti inú ẹ̀yà Azd, tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyya, pé kí ó lọ gba sàká lọ́wọ́ àwọn Banu Sulaym. Nígbà tí ó dé, ó pín ohun tí ó kó bọ̀ sí ọ̀nà méjì: ó ní apá kan jẹ́ ti ìlú, apá kejì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Ànábì gun orí mìnbárì, ó béèrè pé kí ni ó dé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jókòó sí ilé bàbá rẹ̀ tàbí ilé ìyá rẹ̀, kí ó wò bóyá ẹ̀bùn yóò wá bá a níbẹ̀. Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá mú nǹkan ní irú ọ̀nà yìí yóò gbé e kọ́ ọrùn wá ní ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀, ìbáà ṣe ràkúnmí, màlúù tàbí àgùntàn.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé ọkùnrin yìí lọ jí nǹkan nínú ilé ẹnìkan. Kò fi nǹkan pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kó o síta tí ó sì ṣàlàyé. Ó lè jẹ́ pé tinútinú ni àwọn tí ó fún un fi fún un. Síbẹ̀ kò bọ́ sí i, nítorí ipò ni wọ́n fún, kì í ṣe òun. Ìdánwò náà rọrùn: mú ipò kúrò, kí o wò bóyá ẹ̀bùn yóò dúró. Bí àgbò yẹn bá ti ń wá lọ́dọọdún láti ìgbà tí alága ti jẹ́ tíṣà ní abúlé, ọ̀rẹ́ ni ó mú un wá. Bí ó bá jẹ́ ọdún tí ó gorí àlééfà ni àgbò bẹ̀rẹ̀ sí dé, àga ni wọ́n mú àgbò wá fún.

Òfin ilẹ̀ wa kò jìnnà sí èyí. Ìwé òfin ọdún 1999, ní àfikún rẹ̀ karùn-ún, sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe tàbí èyí tí ó kọ̀ láti ṣe. Ó lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ níwọ̀n tí àṣà bá mọ̀. Bí ó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gba iṣẹ́ kọngílá lọ́dọ̀ ìjọba ni, òfin ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ àfi bí ó bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sì fún un níbi ayẹyẹ, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ṣojú fún ni ó ni ín. Mélòó nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ta àwọn ọ̀gá lọ́rẹ ni ó dé ọgbà kánsù?

Kí ni ó ń fà á? Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé owó oṣù tí kò tó ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́rin mọ ibi tí ó ń gbé e dé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù kì í ṣe àwọn tí ó ń gba iye yẹn. Òmíràn ni pé iye tí òfin ní kí a san kì í hàn sí ará ìlú, nítorí náà iye tí akọ̀wé bá pè ni a ó san. Lójú tèmi, ọwọ́ tiwa ni èyí tí ó burú jù wà. Ọmọ wa tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba fún ogún ọdún tí kò kọ́lé, a ó ní kò gbọ́n. Èyí tí ó kọ́ mẹ́ta láàárín ọdún méjì, a ó lọ wé láwàní fún un ní mọ́sálásí, a ó sọ ọ́ di Bàbá Àdínì. Umar ọmọ Khattab, gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti sọ, a máa kọ iye ohun ìní gómìnà sílẹ̀ kí ó tó rán an lọ sí ibi iṣẹ́. Iye tí ó dá fún wa níbi ìkówójọ mọ́sálásí ni àwa ń kọ. Àwọn òbí kan sì ń sanwó fún ilé ìwé tí wọn yóò ti sọ ìdáhùn fún ọmọ wọn nínú ìdánwò WAEC. Ọmọ yẹn ni yóò di akọ̀wé lọ́la.

Ẹni tí kò lágbára ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ gíga ní Àbújá pé òun lọ́wọ́ nínú kíkó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá tí ó lé ní ₦20 bílíọ̀nù. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn ₦750,000 ni adájọ́ dá fún un. Ó san án lójú ẹsẹ̀. Ní irú ilẹ̀ yìí kan náà, ẹni tí ó jí ewúrẹ́ ń ṣẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n rán Usama láti bẹ̀bẹ̀ fún obìnrin ìdílé Makhzum tí ó jalè, ohun tí Ànábì kìlọ̀ rẹ̀ nìyí: pé ó pa àwọn tí ó ṣáájú run, tí ẹni ńlá ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ tí òfin sì ń mú mẹ̀kúnnù. Oṣù kẹta ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó yí ìdájọ́ ti Àbújá náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú owó tí ó lé ní ₦22 bílíọ̀nù. Ọdún márùn-ún ti kọjá. Ọ̀pọ̀ arúgbó kò ní ọdún márùn-ún tí yóò fi dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bí a ti bá a nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, owó fọ́ọ̀mù yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2010 sí 2016, àpapọ̀ owó tí àjọ náà dá padà sí àpò ìjọba àpapọ̀ fi díẹ̀ lé ní ₦50 mílíọ̀nù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, wọ́n fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, ṣe olórí ibẹ̀. Ní ọdún 2017 nìkan, ohun tí ó padà sí àpò ìjọba tó ₦7.8 bílíọ̀nù. Ìdánwò kan náà ni, irú àwọn ọmọ kan náà ni ó sì ń sanwó. Nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé owó àwọn ẹ̀ka wò, ìròyìn gbòde ní oṣù kejì ọdún 2018 pé akọ̀wé kan ní Makurdi sọ pé ejò ni ó gbé ₦36 mílíọ̀nù tí wọ́n pa lórí káàdì mì. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti fọwọ́ sí i kí owó fọ́ọ̀mù dín kù láti ₦5,000 sí ₦3,500.