Ẹ Má Gbọ́ Ẹjọ́ Ẹnìkan Dá

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ tọkọtaya la sábà ń pa òwe yìí sí. Àìsàn kan ni mo fẹ́ pa á sí lónìí, nítorí pé àìsàn náà kì í fi ẹnu kan rojọ́. Lupus ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan ní ìlú Kambolé ní Tógò, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ara rẹ̀ gbóná, wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn. Oṣù kejì, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ le láàárọ̀ débi pé kò lè fún aṣọ. Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ oko iṣu ló pọ̀ jù. Irun iwájú orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re. Wọ́n ní kó má di irun le mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣú, àmì náà sì gba orí imú kọjá. Aládùúgbò ní ìpara ìbóra ló ń bá a jà. Kálukú gbọ́ ẹlẹ́rìí kan, ó sì dá ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó pe gbogbo wọn jọ. Àwọn ìwé ìṣègùn ní àmì ojú yẹn máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n lára ẹni dúdú, ó lè ṣú bí ẹní fi iná jó o, kí ojú má tètè mọ̀ ọ́n.

Nínú lupus, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn ló yíjú sí onílé. Awọ, oríkèé, ẹ̀jẹ̀, àyà, ọpọlọ, kíndìnrín, kò sí ibi tí wọn kò lè dé. Bí ọkùnrin kan bá ní i, obìnrin bíi mẹ́sàn-án ló ní i. Kì í ràn.

Àwọn oníṣègùn pàápàá ti dá ẹjọ́ yìí láìpe ẹlẹ́rìí tó. Ní 1968, Brian Greenwood, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, kọ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé irú àìsàn báyìí ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó rò pé ibà tó ń bá wa jà láti kékeré ló ń dí i lọ́nà. Ní 2009, Adelowo àti Oguntona kọ nípa aláìsàn lupus 66 tí wọ́n tọ́jú ní Èkó. N kò ní Greenwood purọ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé nígbà tí àwọn tó mọ àìsàn náà kò tíì pọ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ló kú tí wọ́n ní ibà ló pa wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pe àwọn ẹlẹ́rìí jọ? Ní 2019, àwọn onímọ̀ ìlú Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde fún ìwádìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ANA ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àmì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀: ara gbígbóná 2, irun tó ń re 2, oríkèé 6. Bó bá pé 10, wọ́n á kà á sí lupus. Ẹ wo ọmọ Kambolé wa: ara gbígbóná nìkan kò tó, oríkèé nìkan kò tó, àpapọ̀ wọn pẹ̀lú irun tó ń re ló tó. Òfin kan wà nínú ìlànà náà tí mo fẹ́ràn: bí nǹkan mìíràn bá ṣe àlàyé àmì kan ju lupus lọ, ẹ má kà á. Nítorí náà, kí wọ́n yẹ ibà wò nígbàkúùgbà tí ara bá gbóná, kódà lára ẹni tí a ti mọ̀ pé ó ní lupus. Oògùn bíi prednisone ń dín agbára àwọn ẹ̀ṣọ́ ara kù, kòkòrò àrùn sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ní “lupus rẹ̀ náà ni”, tó sì jókòó sílé, ó ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ìwọ̀n mìíràn wà tí wọ́n fi ń mọ bí àìsàn náà ṣe le tó lásìkò yìí: SLEDAI, tí wọ́n ṣe ní Toronto. Àmì 24 ló ní. Àárẹ̀ kò sí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ àárẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń kọ́kọ́ sunkún lé lórí, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò, tí ń jẹ́ kí ìforíkanlẹ̀ níbi ìrun di iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀yin ará ilé, bí ìwọ̀n dókítà kò bá ka àárẹ̀, ẹ̀yin ẹ kà á. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: báyìí ni lupus ṣe ń wọ kíndìnrín. Kì í dunni. Ẹsẹ̀ á wú, ìtọ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ, nígbà mìíràn kò sì ní sí àmì kankan. Ẹ ní kí wọ́n ti bébà àyẹ̀wò bọ inú ìtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá. Bí gìrì bá gbé aláìsàn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu mọ́, tàbí tí àyà ń gún un bó bá mí, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí Tchamba tàbí Sokodé. Ẹ má kọ́kọ́ wá ẹni tó fi nǹkan ṣe é.

Hydroxychloroquine tí dókítà máa fún aláìsàn lupus jẹ́ ọmọ ìyá chloroquine tí a mọ̀ sí oògùn ibà. Àwọn èèyàn á bi í pé ibà kí ló ń wò lójoojúmọ́. Kó máa lò ó, kí dókítà sì máa yẹ ojú rẹ̀ wò. Prednisone ní tirẹ̀, a kì í dá a dúró lójijì.

Ọ̀nà jìn láti Kambolé dé Sokodé, ó jìn gan-an dé Lomé níbi tí àwọn oníṣègùn oríkèé wà. Nọ́ọ̀sì lè máa sọ èdè Tem, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ ìwé. “Ara ń ro mí” lè di ohun mìíràn kó tó dé orí bébà. Nítorí náà, ìwọ tó ń ṣàìsàn, ra ìwé kékeré kan. Kọ ọjọ́ tí ara gbóná, ohun tí àyẹ̀wò ibà sọ, oríkèé tó wú, bí ó ṣe pẹ́ tó láàárọ̀ kó tó rọ̀, ọjọ́ tí o pẹ́ nínú oòrùn, oògùn tí o gbàgbé. Ya àmì ojú náà ní fọ́tò kó tó lọ. Mú ẹnìkan tó gbọ́ Faransé dání, kí o sì fi ìwé náà lé dókítà lọ́wọ́ kó tó bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọ́ lónìí.