Ta Ni Yóò Kí Ta Kú Iṣẹ́ Nínú Kíláàsì Àgbà?

Ká ní olùkọ́ kan jẹ́ ẹni ọdún 25. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó níwájú rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta, ó ti ní ọmọ, ó sì ti ní ọmọ-ọmọ. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, olùkọ́ ni yóò kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ kíláàsì, olùkọ́ yìí ló di ṣọ́ọ̀kì mú, òun ló mọ ìdáhùn, ẹnu rẹ̀ sì ni gbogbo wọn ń wò láti gbọ́ bóyá iṣẹ́ dára tàbí kò dára. Báwo ni ọmọdé ṣe ń yin àgbà tí kò fi ní dà bí ẹni pé ó ń rí i fín?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àgbà ní ìwé ní Kankon, ní apá ìwọ̀ oòrùn Badagry, ní láti kọ́kọ́ yanjú ìbéèrè yìí. Ẹ̀gùn ni èdè ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀, wọ́n sì ń fi Yorùbá ná ọjà, wọ́n ń fi gbàlejò. Ilẹ̀ Badagry yìí náà ni àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, tí Thomas Birch Freeman ṣáájú wọn, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sí ní 1843, èyí tí àwọn òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Topo, ní Badagry kan náà, ASCON, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1973, ń kọ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba. Àgbà ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n padà sí ilé ìwé. Apẹja àti ìyá alágbọn lè dàgbà sí ìtòsí gbogbo èyí kí wọ́n má mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Nítorí irú wọn ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá àjọ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sílẹ̀ ní 1990, tí Ìpínlẹ̀ Èkó náà fi ní tirẹ̀.

Ìtìjú ni àgbà máa ń kọ́kọ́ gbé wọ kíláàsì. Ó ti tẹ̀ka ní báǹkì níṣojú ọmọ kékeré. Ó ti gbé fóònù fún ará ilé kejì pé kó bá òun ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọmọ òun fi ránṣẹ́, ará ilé kejì sì ti mọ àṣírí tí kò yẹ kó mọ̀. Ẹni tó ti rí irú èyí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ bá sọ nípa ìwé ọwọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tu ú lára, yóò padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá gún un lọ́kàn, yóò sọ pé ọjà ló dí òun lọ́wọ́.

Yorùbá ní òwe kan tí gbogbo olùkọ́ mọ̀: yinni-yinni kí ẹni ó ṣe òmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wo? Ká ní ìyá kan kọ "eja" sínú ìwé rẹ̀, tí olùkọ́ sì pariwo pé, "Ẹ ṣe é dáadáa, mà!" Inú ìyá dùn, ó lọ sílé, kò sì mọ ohun tó ṣe dáadáa. Ṣé pé ó kọ ọ́ sórí ìlà ni? Ṣé pé lẹ́tà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé? Bó bá di ọjọ́ kejì, yóò tún kọ "eja", nítorí wọ́n ti yìn ín sí i.

Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yóò sọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, j yín kọjú sódì. Lónìí, ó dúró dáadáa. Ẹ jẹ́ ká tún wo lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí. Kí ló kù lábẹ́ rẹ̀?" Ìyá yóò wò ó, yóò fi àmì sísàlẹ̀ rẹ̀, e yóò di ẹ. Ìyìn wà níbẹ̀, àtúnṣe wà níbẹ̀, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì ṣe àtúnṣe náà. Bó bá di ọjọ́ tí wọ́n kan àmì ohùn, tí ó sì rí i pé àmì ló ya àgbọn tí à ń fọ́ jẹ yàtọ̀ sí agbọ̀n tí à ń kó ẹrù sí, olùkọ́ lè dárúkọ ìyẹn náà.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ bá èyí mu. Ní 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ní gbogbogbòò, ó ń ranni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú èsì tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ni iṣẹ́ náà burú sí i lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà! Wọ́n ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni bí ó bá ti kúrò lórí iṣẹ́, tó bọ́ sórí ẹni tó ń ṣe é. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé ìwádìí ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jáde. Àwọn ọmọ tí wọ́n yìn pé orí wọn pé bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún iṣẹ́ tó le, nítorí wọn kò fẹ́ kí orúkọ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n yìn fún aápọn wọn ń wá èyí tó le sí i. Ọmọdé ni wọ́n fi ṣe ìwádìí yẹn o, ṣùgbọ́n kò dájú pé àgbà tó ń ṣọ́ iyì rẹ̀ yóò ṣe yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ní bó ṣe yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Káre!" dùn lẹ́nu àgbà sí ọmọdé. Bí ọmọdé bá sọ ọ́ sí àgbà, ojú yóò yí padà sí i. "Ẹ kú iṣẹ́," "ẹ kú ìgbìyànjú," "ẹ ṣeun, Bàbá" ló yẹ olùkọ́ tó kéré. Bí ó bá gbọ́ Ẹ̀gùn díẹ̀, tó sì fi "awanu", ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wọn, lé e, inú kíláàsì yóò tún dùn sí i. Àtẹ́wọ́ ńkọ́? Àwọn kan fẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn ń wò ó pé wọ́n ń ṣe òun bí ọmọ jẹ́léósinmi, pàápàá bí wọ́n bá ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ nítorí pé ó pe a, b, d. Olùkọ́ tí kò mọ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fẹ́ lè bi í léèrè ní kọ̀rọ̀.

Ìyìn tó ga jù kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, lẹ́yìn tí ìjọba Kenya sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, Kimani Maruge, ẹni ọdún 84, lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ Kapkenduiywo ní Eldoret. Ó ti wà lára àwọn tó ja ogun òmìnira Mau Mau. Ó fẹ́ ka Bíbélì fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ pé ohun tí oníwàásù bá sọ ni òun yóò kàn máa gbà. Ó ran yúnífọ́ọ̀mù, ó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó sì jókòó láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Jane Obinchu, gbà á wọlé, ó sì dúró tì í nígbà tí àwọn kan ń ṣàròyé pé ó ń gba àyè ọmọdé. Nígbà tó yá, wọ́n fi Maruge ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2005, wọ́n mú un lọ sí New York, ó sì bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nípa ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó kú ní 2009 láìtíì parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ojúṣe tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ti sọ fún un pé wọ́n rí i, kò sì sí àtẹ́wọ́ tó lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Kankon, irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Ẹni tó ti mọ nọ́ńbà kọ lè máa kọ orúkọ àwọn tó wá sí kíláàsì. Ẹni tó mọ ìṣirò ọjà ju olùkọ́ lọ, wọ́n sì pọ̀, lè kọ́ kíláàsì bí òun ṣe ń ṣírò èrè láìlo bírò.

Ìyìn láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí olùkọ́ ló tún ṣòro jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń fi í háwọ́. Àgbà máa ń dúpẹ́. Wọn yóò gbàdúrà fún olùkọ́ títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣe àmín, wọn yóò fún un ní ẹja yíyan tàbí àgbọn mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" ohùn kan ṣoṣo ni yóò jáde: "Ó yé wa!" Wọn kò purọ́ láti tàn án jẹ, wọn kò fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ tó ti làágùn. Olùkọ́ tó gba "Ó yé wa" yẹn gbọ́ ti tan ara rẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn ni kó béèrè. "Èwo nínú ohun tí a ṣe lónìí lẹ máa lò lọ́la?" "Ibo ni mo ti sáré jù?" Ìbéèrè kejì gba kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ pé òun sáré, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ló bú u. Ó sì tún dára kí wọ́n yan àgbà kan láàárín ara wọn tí yóò gbọ́ ti gbogbo wọn, tí yóò sì wá jíṣẹ́ fún olùkọ́. Àṣà ilé wa ni èyí, kò sí ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń rán àgbà níṣẹ́ sí àgbà.

Paulo Freire, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àgbà, gbé irú ìbáṣepọ̀ yìí dé ibi tó jìnnà ní Brazil. Ní Angicos ní 1963, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kọ́ nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ ní ìwé kíkà nínú wákàtí 40, Ààrẹ João Goulart sì wá síbi ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn. Ìgbésí ayé àwọn òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Olùkọ́ tó bá fi àwọ̀n, ẹja àti àgbọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Kankon ti yin àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ kí ó tó la ẹnu: ó ti sọ pé ohun tí wọ́n mọ̀ tó kọ sójú pátákó.

Gbígba ìyìn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí olùkọ́ bá yin àgbà, ìdáhùn tó sábà ń wá ni "Ọlọ́run ni" tàbí "ẹ̀yin lẹ ṣe é." Ìwà ọmọlúàbí ni. Síbẹ̀, olùkọ́ lè rọra tẹ̀ ẹ́ síwájú: "Ọlọ́run ni, mà. Ọwọ́ yín ló tún di bírò mú. Báwo lẹ ṣe rántí rẹ̀?" Bí ìyá bá ṣàlàyé pé òun máa ń fi igi kọ ọ́ sórí iyanrìn kí òun tó sùn, àwọn yòókù ti gbọ́ ọgbọ́n kan tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́.

Bí àyè bá ṣófo nínú kíláàsì, kí olùkọ́ má yára rò pé òun ni wọ́n kọ̀. Ó lè jẹ́ pé ọjà Agbalata ní Badagry ló bọ́ sí ọjọ́ náà, tàbí pé ẹja pọ̀ lódò. Bí ó bá ti ń bi wọ́n léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan yóò ti sọ fún un lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọn yóò sì ti jọ mú ọjọ́ mìíràn.