Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: ṢÉ DANDAN NI KÍ AWAKỌ̀ MÁA FA BÍRÉÈKÌ ỌWỌ́?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò jìnnà sí owó tí a jọ ń dá. Mélòó nínú wa ni kò háyà ọkọ̀ rí, yálà láti kó gàrí, epo pupa tàbí ẹja tí ó ti Igbọ́kọ̀dá wá sí Òkìtìpupa? Àwọn mìíràn nínú wa fi owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ọkọ̀ tí wọ́n fi ń jẹun. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá yí lọ láìsí ẹnì kan nídìí rẹ̀, tí ó sì ṣe ènìyàn léṣe, ẹni tí ó ni ọkọ̀ nìkan kọ́ ni yóò sunkún. Àwọn onídùúró rẹ̀ yóò bá a sun ún. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ bíréèkì ọwọ́ wò, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní háńbíréèkì.

Bí a bá bi àwọn awakọ̀ nínú gáréèjì léèrè ìdí tí wọn kì í fi í fà á, ìdáhùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́. Ọ̀kan á ní, “Ilẹ̀ ibí tẹ́jú, kí ni mo fẹ́ fi háńbíréèkì ṣe?” Èkejì á ní, “Mo ti fi í sí jíà, kò lè lọ síbì kankan.” Ẹ̀kẹta á ní, “Bí o bá ń fà á lójoojúmọ́, yóò há mọ́ ọ lọ́wọ́.” Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

ILẸ̀ TẸ́JÚ. Lóòótọ́, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò ní òkè ńláńlá bíi ti Ìdànrè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ ìlú wa ná: Òkìtìpupa. Títì tí ó dà bí ẹni pé ó tẹ́jú gan-an, wọ́n máa ń jẹ́ kí ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi òjò lè ṣàn wọ gọ́tà. Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ó ṣófo lè má dúró mọ́ nígbà tí ẹrù bá wọ inú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan tí ó gba lítà 25 wúwo tó bíi kílò 23. Bí ẹ bá to 40 irú rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ti lé ní kílò 900. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti ń ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1 nínú ẹsẹ̀ bàtà 10, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀ ni ó ń fà á lọ sísàlẹ̀. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ kílò 2,000, bíi kílò 200 ni yóò máa fà á. Bí a bá di kẹ́ẹ̀gì 40 yẹn sí i, ó di bíi kílò 290. Ẹ ò rí i pé ẹrù tí àwa fúnra wa dì ni ó ń ti ọkọ̀ lọ.

A kò tíì gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àkùngbá-Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí apá awakọ̀ kò ká ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan mọ́, tí ó sì ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá yunifásítì. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ń rìn ni o, kì í ṣe pé wọ́n gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹrù wúwo tí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró kò mojú ẹnikẹ́ni.

MO TI FI Í SÍ JÍÀ. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì tí a sì fi ọkọ̀ sí jíà, afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ẹ́ńjìnnì ni kò jẹ́ kí táyà yí. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó kò lè há afẹ́fẹ́ mọ́ dáadáa, ọkọ̀ á sì máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé tàbí èrò tí ó bá fara gbún ọ̀pá jíà lè yọ ọ́. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó bá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé láti yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ lè fò mọ́ ẹni tí ó wà níwájú. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni ti awakọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí kò fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́, a kò lè fi í sí jíà kí a sì sọ̀ kalẹ̀. Kí ni ó kù? Bíréèkì ọwọ́ àti igi ìdí táyà ni.

YÓÒ HÁ. Bíréèkì ọwọ́ kò bá ti ẹsẹ̀ lo epo kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà irin ni ó ti ìdí ọ̀pá rẹ̀ lọ sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Bí a kò bá fa wáyà yìí fún oṣù mélòó kan, omi òjò àti ẹrẹ̀ á mú kí ó dípẹtà nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ tí ìṣòro bá dé tí a fà á, kò níí padà mọ́. Nítorí náà, àìlò ni ó ń mú un há jù, kì í ṣe ìlò. Ní ilẹ̀ òyìnbó, omi inú wáyà lè di yìnyín nígbà òtútù, àwọn kan níbẹ̀ a sì máa sá fún un. Àwa kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí a lè fi í sílẹ̀ ni bí ọkọ̀ yóò bá wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, pàápàá tí ó bá ti la omi kọjá, nítorí ìpẹtà lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ fi sí jíà, kí ẹ sì fi igi dí táyà.

Àwọn kan tún ní àwọn máa ń gbàgbé láti tú u, tí èéfín á sì máa yọ nídìí táyà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbàgbé. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di àṣà, ọwọ́ rẹ̀ á mọ ọ̀nà ibẹ̀.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró pátápátá, kí ẹ sì fa ti ọwọ́ gírígírí.

2. Ẹ yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá yọ́, bíréèkì ọwọ́ ti rọ̀, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ó kàn.

3. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó fi sí jíà. Bí imú ọkọ̀ bá kọjú sí òkè, ẹ fi sí jíà kìíní. Bí ó bá kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ fi sí jíà ẹ̀yìn.

4. Ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ yí táyà iwájú sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Bí ọkọ̀ bá yọ́, gọ́tà ni yóò wọ̀, kì í ṣe àárín ọjà.

5. Kí ẹrù àkọ́kọ́ tó wọ ọkọ̀, kí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ki igi bọ ìdí táyà. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ, kí ó mú igi rẹ̀. Òkúta tí a fi sílẹ̀ lójú títì lè pa ọlọ́kadà lálẹ́.

OJÚṢE WA. Kì í ṣe àwa nìkan ni a rò ó bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ìrìnnà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna ní ọdún 1968 sọ pé bíréèkì yìí gbọ́dọ̀ lè dá ọkọ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ó ti wù kí ẹrù inú rẹ̀ pọ̀ tó. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó tó fọwọ́ sí owó ọkọ̀ àlòkù, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá yóò dúró. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má tijú láti wí fún dẹ́rẹ́bà pé, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fa háńbíréèkì kí a tó dì í.” Ẹrù yín ni, ẹsẹ̀ yín ni ó sì wà nídìí táyà.

Ìbéèrè fún ìpàdé: (a) Ọkọ̀ mélòó nínú èyí tí ẹgbẹ́ yá ni owó fún ni bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? (b) Ta ni yóò máa yẹ̀ wọ́n wò?

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ó di oṣù tí ń bọ̀ o.