Bí A Ṣe Ń Gba Ohùn Sílẹ̀ Ní Tíátà Kí Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́ Abẹ Lè Gbọ́ Ara Wọn

Ní Kánádà, olùwádìí Lorelei Lingard àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fetí sí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní tíátà. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2004, ìgbà 421 tí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀, 129 nínú rẹ̀ ló sì ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ tí kò bọ́ sásìkò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ kan béèrè bóyá wọ́n ti fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò nígbà tí iṣẹ́ ti lé ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan awọ ló yẹ kí oògùn náà ti wọra.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré lè jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín gbọ́ irú nǹkan báyìí lẹ́nu ara yín. Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí.

1. Ẹ ṣe àdéhùn kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ẹ pe gbogbo ẹni tó ń wọ tíátà, látorí ọ̀gá dókítà dórí ẹni tó ń ti aláìsàn wọlé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò gbọ́ ohùn náà, ibo la ó tọ́jú rẹ̀ sí, ọjọ́ wo la ó pa á rẹ́. Ẹ fi kún un pé wọn ò ní tìtorí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní kúẹ́rì. Ẹ bi agbẹjọ́rò ilé ìwòsàn bóyá kóòtù lè béèrè fún un, kí ẹ sì sọ ìdáhùn rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́.

2. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn. Ní wọ́ọ̀dù ni kí ẹ ti ṣe é, kó ku ọ̀la tí iṣẹ́ abẹ máa wáyé. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra gidi, nítorí náà ẹ jẹ́ kó fọwọ́ síwèé. Nọ́ọ̀sì lè sọ pé: “Mà, a fẹ́ gba ohùn àwa òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ká lè fi tún iṣẹ́ wa ṣe. Tẹ́ ẹ bá ní ká má ṣe é, a ò ní ṣe é, ìtọ́jú yín ò sì ní yí padà.”

3. Ẹ wá àyè fún ẹ̀rọ. Ìbòmú ń di ohùn, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ń hó, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn ń ké. Ẹ gbé ẹ̀rọ kan sápá orí aláìsàn, nítòsí dókítà tó ń kùn ún lóorun, àti òmíràn síbi tí nọ́ọ̀sì tó ń gbé nǹkan wá máa ń dúró. Méjèèjì ò gbọ́dọ̀ dé sàkáání aṣọ àti irinṣẹ́ tí a ti pa kòkòrò ara wọn. Ẹ lo èyí tó ní bátìrì, nítorí iná tó lè lọ. Ẹ má lo fóònù ara yín: ohun tó bá ti dórí WhatsApp kò ṣeé kó padà. Ẹ dán an wò ní tíátà tó ṣófo, kí gbogbo ẹ̀rọ tó ń pariwo wà ní títàn.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi mẹ́ta. Ìwé àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008 ní ìdúró mẹ́ta: kí aláìsàn tó sùn, kí ọ̀bẹ tó kàn án, àti kó tó kúrò ní tíátà. Ẹ gba ohùn ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ, kó sọ ọ́ sókè. Ẹ má sì tìtorí ẹ̀rọ yẹ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, torí ìwé náà ní kí ẹ fìdí ẹni tó jẹ́ múlẹ̀. Ẹ pè é. Ẹ ó gé e kúrò tó bá yá.

5. Ẹ fetí sí ìdáhùn. Ìbéèrè rọrùn láti gbọ́. Èsì ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ní, “Ṣé wọ́n ti fún un lóògùn?” tí ẹnì kan sì dáhùn pé “Ẹ̀n,” ẹ fàlà sí i: ta ló bi, ta ló dáhùn, oògùn wo? Èyí tó dáa lọ báyìí:

“Dókítà, ṣé ẹ ti fún un ní cefazolin?”
“Gíráàmù méjì, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”
“Gíráàmù méjì, mẹ́sàn-án kọjá mẹ́wàá. Ẹ ṣé.”

Ẹ ṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà. Bí nọ́ọ̀sì bá ní “Ọ̀gá, gọ́ọ̀sì kan ò pé,” ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá kí ọ̀gá tó dá a lóhùn. Ẹ wò ó bóyá ó ní láti tún un sọ, àti bóyá ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ sí i nígbà kejì.

6. Ẹ jókòó sọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́ ibi kúkurú kan nínú ohùn náà. Ohùn ọ̀gá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí àwọn kékeré lè rí i pé kò sẹ́ni tó kọjá àtúnṣe. Ẹni tó ni ohùn ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ má bi í pé ta ló jẹ̀bi. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ yí padà.

7. Ẹ pa á rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ dá. Kí ẹni méjì wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé pé ó ti lọ. Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ nìkan ni kó kù nínú ìwé, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wo ohun kan ṣoṣo yẹn. Bó bá ti yí padà sí rere, ẹ mú òmíràn. Bí kò bá yí padà, ẹ má ṣe ra ẹ̀rọ tó dáa ju èyí lọ. Ẹ padà sórí àdéhùn àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ bi àwọn tó kéré jù bóyá ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n láti sọ̀rọ̀.